Bí ọjà ṣe ń wọ Èkìtì àti bí ó ṣe ń jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn oníṣòwò kéékèèké

Àwọn tí a kọ èyí fún ni àwọn tó ń ra irè oko tà ní Èkìtì, àwọn tó ń sọ ọ́ di gaàrí, èlùbọ́ tàbí fùfú, àwọn tó ń sin adìyẹ, àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé iye tí a fi ra ọjà lóṣù yìí lè má jẹ́ iye tí a máa bá lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ìdáhùn kan gùn ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù.

Kí ló dé tí iye owó ọjà kò fi dúró sójú kan mọ́?

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á, ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Kí wọ́n tó ṣí i ni àrùn kòrónà ti dé, tí ìséde sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abuja ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, tí Èkìtì náà sì séde tirẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọjà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì mọ̀ ọ́n lára nídìí àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí bébà rẹ̀ gbà, àgbẹ̀ tó wà ní abúlé tí kò ní àkáǹtì kò sì rí ẹni san owó ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò pé ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń lọ sópin, ó ti wà ní agbègbè ₦1,000. Oṣù kẹfà ọdún 2023 náà ni Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 sì gòkè títí ó fi kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024.

Ohun tó mú kí tiwa ní Èkìtì le sí i ni pé kò sí ojú irin tó gba ilẹ̀ wa kọjá. Èyí tó ti Èkó lọ sí Òkè Ọya gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó fi wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò sì ní èbúté. Orí táyà ni gbogbo ohun tó ń wọlé àti gbogbo ohun tó ń jáde wà, nítorí náà bí epo ọkọ̀ bá ti lé, iyọ̀ náà á lé.

Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni Èkìtì. Kí ló wá fà á tí oúnjẹ fi ń wọ́n wa lójú?

Lóòótọ́ ni a ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó, ìrẹsì Ìgbẹmọ sì lórúkọ káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo ní Adó: àlùbọ́sà rẹ̀ ti Òkè Ọya wá, tòmátì àti tàtàṣé rẹ̀ pẹ̀lú, màlúù rẹ̀ náà sì gba ọ̀nà kan náà wá. Ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà kò yàtọ̀. Àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun búrẹ́dì ń ti òkè òkun wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á, ìdí nìyẹn tí alábúrẹ́dì fi ń mọ ìgbà tí náírà ṣubú ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àní iṣu tí a gbìn fúnra wa pàápàá, ajílẹ̀ àti oògùn koríko tí a lò sí i kò ṣẹ̀yìn ọjà òkèèrè. Ẹni tó bá ń rò pé ohun tó bá ti jáde láti oko tòsí kò níí mọ̀ nípa dọ́là ń tan ara rẹ̀.

Ibo gan-an ni owó ti ń sọnù jù láàárín oko àti ọjà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé ojú ọ̀nà ńlá ni, nítorí kòtò, àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, àti owó epo. Mo gbà pé gbogbo ìyẹn ń jẹ owó. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kìlómítà díẹ̀ àkọ́kọ́, láti inú oko dé etí títì, ló ń pa wá lára jù, òun náà ni a kì í sì í kà mọ́ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n kó o jọ sábẹ́ igi, wọ́n já ewé bò ó. Awakọ̀ tó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án kò dé nítorí pé òjò ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọlọ́kadà kó díẹ̀ jáde, èyí tó kù sì sùn sóko. Nígbà tí ọkọ̀ dé ní Wẹ́sìdeè, ìyá tó ń ṣe gaàrí mú ẹyọ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbé e sójú oòrùn: àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúdú mọ́ búlúù ti sáré yí etí rẹ̀ ká. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn gé owó náà lulẹ̀. Àgbẹ̀ náà kò lè gbé e padà sóko, kò lè dúró, ó gba ohun tí wọ́n fún un. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe rí nìyẹn: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá hú u, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ẹ tún wo ìwúwo rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù kìlò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di gaàrí kìlò kan. Bí a bá gbé ẹ̀gẹ́ láti abúlé wá sí Adó kí a tó rin ín, omi àti èèpo ni a san owó ọkọ̀ lé lórí jù. Nítorí náà, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́, jákì tí a fi ń fún un àti ààrò wà nítòsí oko, kí ó jẹ́ gaàrí gbígbẹ ni yóò gun ọkọ̀. Gaàrí gbígbẹ lè dúró de awakọ̀ tó pẹ́, ẹ̀gẹ́ tútù kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó ṣòro fún wa láti ṣe: kí a má hú ọjà kí ọkọ̀ tó dájú. Bí àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí oko wọn wà lójú ọ̀nà kan náà bá fi ẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọ́n máa hú, ọkọ̀ kan ṣoṣo á kó ti gbogbo wọn, á sì kún. Ọkọ̀ tó kún dáadáa kì í wọ́n bí ọkọ̀ tó kó ìdajì.

Ṣé kò yẹ kí a yọ àwọn alárobọ̀ kúrò láàárín kí ọjà lè dín owó?

Ìbéèrè yìí máa ń bí ènìyàn nínú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Lóòótọ́ ni àwọn alárobọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi àìmọ̀ àgbẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí alájàpá ń ṣe. Òun ló ń wọ abúlé tí ọkọ̀ èrò kì í dé. Òun ló ń kó apẹ̀rẹ̀ méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, títí yóò fi di ẹrù ọkọ̀. Òun ló ń yá àgbẹ̀ lówó nígbà tí ọmọ bá ń lọ ilé-ìwé, tí kò sì ní gba èlé tí báńkì ń gbà. Bí ọjà bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, owó tirẹ̀ ló ṣègbé. Nígbà tí bébà owó wọ́n ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ibi ni ọjà kì bá ti dúró pátápátá bí kì í bá ṣe pé alájàpá àti àgbẹ̀ mọ ara wọn, tí àgbẹ̀ sì lè sọ pé, ẹ gbé e lọ, mo máa gba owó mi tó bá yá.

Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò gbọ́dọ̀ ṣetán láti ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kí a sọ bí a ti ń wọn ọjà di ohun tí gbogbo ojú rí. Kóńgò kò dọ́gba láti ọjà kan sí èkejì, àpò tí wọ́n fi nǹkan rán orí rẹ̀ ga ju àpò gidi lọ, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ra òṣùwọ̀n kìlò kan, tí wọ́n sì gbé e síta ní ọjọ́ ọjà, alárobọ̀ tó ń ṣe òtítọ́ kò ní bínú sí i.

Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó yẹ kí n ta ọjà mi?

Èyí ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó jáfáfá fi ń jẹ́ kí owó wọn máa tán lọ láìmọ̀. Bí wọ́n ti kọ́ wa láti ilé ni pé kí a mọ iye tí a rà á, kí a fi èrè lé e, kí a tà á. Ìyẹn dára nígbà tí iye owó dúró. Nígbà tí iye owó ń sáré, iye tí ẹ máa fi ra òmíràn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ra ẹ̀wà àpò mẹ́wàá ní ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó tà á ní ₦66,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦660,000, ó sì rò pé òun ti jèrè ₦60,000. Nígbà tó padà lọ rà, wọ́n ní àpò kan ti di ₦70,000, owó ọkọ̀ sì jẹ́ ₦2,500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ó ra mẹ́sàn-án, ₦652,500 lọ sí i. Ó kù ₦7,500, láti inú èyí tí yóò ti san owó ṣọ́ọ̀bù, tí yóò sì bọ́ ọmọ. Àpò mẹ́wàá ti di mẹ́sàn-án, ó sì ń rò pé òun ń jèrè. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra láàárín ọdún kan, òwò náà á tán láìsí olè, láìsí iná.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ju ìwé àjákọ kan lọ. Ẹ la ojú ewé sí ọ̀nà mẹ́ta: iye tí mo rà á, iye tí wọ́n ń tà á lónìí níbi tí mo ti ń rà á, iye tí mo tà á. Ẹ pe ẹni tó ń ta ọjà fún yín ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ rà, kí ẹ sì kọ ohun tó sọ sí ọ̀nà kejì. Ọ̀nà kejì yẹn ni kí ẹ fi èrè lé, ẹ má wo ti àkọ́kọ́.

Ìlànà yìí náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọjà bá ń wálẹ̀, ìgbà yẹn ló sì ń dùn wá jù láti tẹ̀ lé e. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa dá owó orí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà tó ń wọlé láti òkèèrè dúró fún 150 ọjọ́. Nígbà tó di ọdún 2025, iye ìrẹsì àti àgbàdo já wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjà, àwọn tó ti kó o pamọ́ ní iye gíga sì ń dúró kó padà gòkè. Ó dun ènìyàn láti ta ọjà ní iye tó kéré sí iye tó rà á. Ṣùgbọ́n bí iye tí ẹ máa fi ra òmíràn bá ti wálẹ̀, owó tí ẹ tètè rí gbà yóò ra ọjà tó pọ̀ ju èyí tí ẹ ń ṣọ́ nínú yàrá lọ.

Ṣé kí n ra ọjà púpọ̀ pamọ́ kí ó tó wọ́n?

Ó dọ́wọ́ ohun tí ẹ fẹ́ pamọ́ àti owó tí ẹ fẹ́ fi rà á. Bí ó bá jẹ́ owó tí ẹ yá ní báńkì ni, ẹ ronú sí i lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀, tó jẹ́ 11.5% ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ti di 27.5% nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ohun tí àwọn báńkì ń gbà lọ́wọ́ wa sì ju ìyẹn lọ. Ọjà gbọ́dọ̀ gòkè púpọ̀ kó tó lè san irú èlé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohun tí a fẹ́ pamọ́, àgbàdo àti ẹ̀wà lè pẹ́ bí wọ́n bá gbẹ dáadáa. Àgbàdo tí omi rẹ̀ kò bá tíì wá sí bíi 13% yóò bu, èbíbu náà sì ní májèlé tó ń pa adìyẹ, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ wà lọ́jà, inú rẹ̀ ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń kú fúnra rẹ̀ nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí sí. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè tún un lò bí kò bá lu. Mo bẹ yín, ẹ má fi Sniper sínú ẹ̀wà. Oògùn apakòkòrò ni, kì í ṣe fún oúnjẹ, NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ láti ọdún 2019. Ẹ̀wà tí oníbàárà yín máa jẹ, tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ, kò yẹ kó ní i nínú rárá.

Iṣu yàtọ̀. Ó lè wà nínú àká fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń hù, adùn àti ìwúwo rẹ̀ ń lọ, ẹni tó fẹ́ gún iyán ní Èkìtì yóò sì mọ̀ ọ́n ní òkèlè àkọ́kọ́.

Bí báńkì bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ibo ni kí a ti rí owó?

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti èésú ṣì ni, lójú tèmi. Àǹfààní wọn kọjá èlé tó kéré: àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ mọ òwò ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹgbẹ́ máa ra ọjà pọ̀. Bí àwọn olùsin adìyẹ mẹ́jọ ní Ìkéré bá dá owó jọ, tí wọ́n sì ra àgbàdo ẹrù ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà ní àkókò ìkórè, iye rẹ̀ kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó ń ra àpò méjì méjì ní oṣù karùn-ún, nígbà tí àgbàdo àtijọ́ ti ń tán tí tuntun kò sì tíì dé.

Bí ọ̀nà kan bá dí ńkọ́?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ọjà tó ń ti Òkè Ọya wá lè gba Kàbà wọ Ọ̀mùò, kó gba Ìkọ̀lé dé Adó. Ó sì lè gba Ìlọrin àti Òmù-Àrán wọ Ọ̀tùn, kó jáde sí Ìdó àti Ìfàkì. Èyí tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ lè ya ní Iléṣà, kó gba Ẹfọ̀n, Ìtawùrẹ́ àti Àrámọ̀kọ wọlé, tàbí kó gba Àkúrẹ́ àti Ìkéré. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín mọ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn, kí ẹ sì mọ iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ kí wàhálà tó dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí gbogbo àlùbọ́sà rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá ní ọdún 2021 kò rí nǹkan tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ ní ẹni méjì, kí ibi tí ọ̀kan ti ń kó ọjà má jẹ́ ibi tí èkejì ti ń kó o. Ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì kódà nígbà tí ti àkọ́kọ́ dín owó, nítorí pé ẹni tí ẹ kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò ní fi ọjà pamọ́ dè yín lọ́jọ́ ọ̀wọ́n.

Ẹ̀rù tún wà lójú ọ̀nà, a kò lè fi ìyẹn pamọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan gbé ní Emùré ní ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ kan kò fẹ́ wọ oko jíjìn ní àárọ̀ kùtù, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì fẹ́ rìn lóru. Ọkọ̀ tó máa ń rìn lóru tẹ́lẹ̀ tó wá ń dúró di ilẹ̀ mọ́ ti fi ọjọ́ kan kún ìrìn ọjà. Ẹ ka ọjọ́ yẹn mọ́ ìṣirò yín, pàápàá fún ọjà tútù, kí ẹ má sì fi owó ti awakọ̀ láti rìn lóru.

Tòmátì mi ń bàjẹ́ kó tó dé. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kó o. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọparun hun jìn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gbé ìwúwo gbogbo èyí tó wà lókè, wọ́n sì ń to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀. Kéréètì oníke kò jìn, igun rẹ̀ ló ń gbé èyí tó wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbà á kọjá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ padà sí Òkè Ọya lófìfo, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san owó ìpadàbọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá lè bá awakọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí obì lọ sókè sọ̀rọ̀, ọ̀nà ti là. Ẹ tún rántí pé kòkòrò Tuta absoluta ba tòmátì jẹ́ ní Òkè Ọya ní ọdún 2016, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sí kéréètì tó lè gbà wá, àfi ata àti tòmátì tí a bá gbìn nítòsí.

Ṣé iná mànàmáná tó wà báyìí lè gbé yàrá òtútù?

Ní ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná mànàmáná, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àbójútó iná lé ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́wọ́, oṣù kẹrin ọdún náà sì ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná yẹ kó máa wà fún jù lójúmọ́, lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ẹ má ra fíríìsà ńlá kí ẹ tó kọ wákàtí tí iná ń wá ládùúgbò yín sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Bí ó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e, ẹran àti ẹja nìkan ni èrè wọn lè gba irú owó epo bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ra kòkó ń béèrè ibi tí oko mi wà. Kí ni wọ́n ń wá?

Kì í ṣe olè ni wọ́n, àmọ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé kòkó, kọfí, rọ́bà àti àwọn irè mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà kò dúró. Fún oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ibì kan ṣoṣo tí fóònù lè tọ́ka sí lórí àwòrán ilẹ̀ ti tó. Oko tó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní àwòrán ààlà rẹ̀ yíká.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú kòkó yòókù ni pé kí wọ́n ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n yà nínú oko wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá ya oko yín tó sì kó o lọ pátápátá ti so yín mọ́ ara rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ tún wá yà á. Bí ẹ̀dà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè tà fún ẹni tó bá san owó tó dára jù.

Láti ìgbà tí ìjọba ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, kò sí ẹni tó ń dá iye owó rẹ̀ dúró fún àgbẹ̀ mọ́. Tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 ní ọjà àgbáyé ní ọdún 2024, ó sì já wálẹ̀ gidigidi ní ọdún 2025. Ẹni tó fi owó ọdún 2024 jẹ gbèsè lérò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ ti rí ìnira rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni bí kòkó ṣe dára tó: kí a bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kí a sá a títí omi rẹ̀ yóò fi wá sí 7% tàbí 8%, kí a má sì sá a sórí títì níbi tí èéfín ọkọ̀ àti epo ti ń kan án.

Kí ni fóònù lè bá mi ṣe?

Ó lè jẹ́ kí ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà tàbí Mile 12 kí alárobọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn nìkan sì tó iye owó káàdì. Ẹ má fi ọjà sílẹ̀ nítorí álẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí lórí fóònù oníbàárà, ẹ wo àkáǹtì tiyín kí owó tó jẹ́ owó.

Pápákọ̀ òfurufú akẹ́rù tí wọ́n kọ́ nítòsí Adó ńkọ́?

Ohun tó fúyẹ́ tó sì gbówó lórí ló yẹ ọkọ̀ òfurufú, irú bí ewé tútù àti èso tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti dì, tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì pé fún ọjà òkèèrè. Gaàrí, iṣu àti àgbàdo kò lè san irú owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, títún ọ̀nà oko ṣe ṣì ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ wa ju rẹ̀ lọ.

Báwo ni àdéhùn pẹ̀lú àgbẹ̀ ṣe yẹ kó rí nígbà tí iye owó kò dúró?

Ẹ má kọ iye kan pàtó sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí ọjà bá gòkè, àgbẹ̀ á tà á fún ẹlòmíràn, ẹ kò sì lè dá a lẹ́bi tán; bí ó bá wálẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ rà á. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé iye tí wọ́n ń tà á ní Ọjà Ọba Adó ní ọjọ́ ìkórè ni a máa wò, kí a sì yọ owó ọkọ̀ tí a ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí kúrò nínú rẹ̀. Ẹ tún fi iye kan tí owó kò ní kéré sí sílẹ̀, kí àgbẹ̀ lè mọ̀ pé òun kò ní pàdánù owó tó fi gbin nǹkan. Bí ẹ bá yá a ní owó, ajílẹ̀ tàbí ọ̀pá ẹ̀gẹ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ gbèsè má bàa dàpọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iye ọjà. Ẹ ka ìwé náà sókè ní èdè tí àgbẹ̀ ń sọ, níwájú ẹlẹ́rìí kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.